Bí Ẹ Ṣe Lè Gba Owó Yín Jáde Nínú Àkáǹtì Orí Fóònù Tí Wọ́n Ti Tì Pa Pátápátá

Ojúde Ọba ku ọ̀sẹ̀ méjì nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi. Aṣọ ló ń tà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́-orí kan náà ní Ìjẹ̀bú, ló gbé iṣẹ́ aṣọ ẹgbẹ́ fún un, ènìyàn mẹ́tàlélógójì, gbogbo wọn sì ń fi àsansílẹ̀ ránṣẹ́ sínú àkáǹtì orí fóònù rẹ̀ kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ kẹrin, ó fẹ́ sanwó fún ẹni tó ń kó aṣọ fún un láti Èkó. Owó ò lọ. Lẹ́tà pupa ló rí lójú àápù náà: "permanently restricted". ₦412,000 ló wà nínú rẹ̀.

Kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó ti yọ àápù náà kúrò lórí fóònù, ó ti tún un gbé padà, ó ti kọ ẹ̀sùn kan náà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mọ́kànlá, ó sì ti fi ₦15,000 fún ọkùnrin kan lórí Facebook tó ní òun mọ ẹni tó máa bá a ṣí i. Ọkùnrin yẹn ò gbé fóònù mọ́. POS ni mo ń ṣe nítòsí gáréèjì Ìbàdàn, irú ọ̀rọ̀ yìí sì ti dé iwájú mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ: oníṣòwò gàrí láti Ìjẹ̀bú-Igbó, akẹ́kọ̀ọ́ láti Àgọ́-Ìwòyè, ìyá tó ń ta obì ní Ṣágámù. Ibì kan náà ni gbogbo wọn ti ń ṣubú. Àkáǹtì ni wọ́n ń jà fún.

Ẹ jẹ́ kí àkáǹtì náà lọ. Ilé-iṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé òun ò bá yín dòwò pọ̀ mọ́. Kò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ owó yín di tirẹ̀. Owó ni kí ẹ máa béèrè, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin.

OHUN TÍ Ẹ GBỌ́DỌ̀ NÍ LỌ́WỌ́

- Fóònù tí àápù náà wà lórí rẹ̀, àti sím tí ẹ fi ṣí àkáǹtì náà. Bí sím náà bá ti sọnù, ẹ kọ́kọ́ lọ gbà á padà lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ tó ni ín.
- NIN àti BVN yín. Nọ́ńbà 11 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ tẹ *346# fún NIN, *565*0# fún BVN, láti orí sím tí ẹ fi forúkọ sílẹ̀. Wọ́n á gé owó díẹ̀, torí náà kí káàdì wà lórí fóònù.
- Káàdì ìdánimọ̀ kan tí àkókò rẹ̀ kò tíì kọjá: páásípọ́ọ̀tù, láísẹ́ńsì ọkọ̀, káàdì ìdìbò.
- Bíìlì iná tó fi àdírẹ́sì yín hàn.
- Àkáǹtì mìíràn, ní báǹkì tó ní ọ́fíìsì tí ẹ lè fẹsẹ̀ rìn wọ̀, tó jẹ́ orúkọ yín gan-an, tí BVN kan náà sì wà lórí rẹ̀. Ibẹ̀ ni owó máa bọ́ sí. Kì í ṣe àkáǹtì ọkọ, kì í ṣe ti ọmọ.
- Ìwé kékeré kan tí ẹ óò máa kọ ọjọ́ àti ohun tó ṣẹlẹ̀ sí.

Bí ẹ kò bá ní àkáǹtì mìíràn yẹn, ẹ lọ ṣí i lónìí. Bí báǹkì bá sì kọ̀ láti ṣí i nítorí BVN yín, ẹ tètè mọ̀: ó ṣeé ṣe kí orúkọ yín wà lára àwọn tí àwọn báǹkì ń ṣọ́, ọ̀rọ̀ náà sì ti tóbi ju ti àápù kan lọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ báǹkì yẹn, ẹni tó fi orúkọ yín síbẹ̀ àti ohun tí wọ́n ní ẹ ṣe.

1. Ẹ DÁ ỌWỌ́ DÚRÓ, KÍ Ẹ KÓ Ẹ̀RÍ JỌ

Wákàtí kìíní ṣe pàtàkì ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹ ya ojú fóònù níbi tí ọ̀rọ̀ ìtìpa náà wà. Ẹ ya ibi tí iye owó wà. Ẹ ṣí ibi tí ìtàn owó tó wọlé tó jáde wà, kí ẹ yà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, oṣù mẹ́ta ó kéré tán. Bí àápù bá ṣì gbà yín láyè láti gba sítétímẹ́ǹtì, ẹ gbà á kíákíá, torí àwọn mìíràn máa ń ti ilẹ̀kùn yẹn pẹ̀lú bó bá yá.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pe gbogbo ẹni tó lè máa sanwó wọ ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbàgbé èyí. Nínú àkáǹtì tó ti tì pa, ènìyàn méjì mìíràn tún san ₦9,500 ẹnì kọ̀ọ̀kan wọlé ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, nítorí pé kò sí ohun tó dá owó dúró láti wọlé. Jíjáde ni wọ́n tì.

Ẹ ṣọ́ra: ẹ má yọ àápù náà kúrò, ẹ má sì pààrọ̀ fóònù. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá wọn sọ nínú àápù lè pòórá, ọ̀rọ̀ yẹn sì ni ẹ̀rí yín. Ẹ má ṣí àkáǹtì kejì lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú NIN ẹlòmíràn. Wọ́n ń rí fóònù tí ẹ ń lò, ẹ óò sì kó ẹni tó ni NIN yẹn sí wàhálà.

Àyẹ̀wò: ẹ fi gbogbo àwòrán náà ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín, kí ẹ ṣí i lórí fóònù ẹlòmíràn. Bí ọjọ́, iye owó àti nọ́ńbà àkáǹtì bá hàn kedere níbẹ̀, ẹ tẹ̀ síwájú.

2. Ẹ MỌ ÀGÁDÁGODO TÓ WÀ LẸ́NU Ọ̀NÀ

Gbogbo ìtìpa máa ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà lójú àápù, ṣùgbọ́n oríṣi mẹ́rin ni mo ti rí. Ẹ pe nọ́ńbà tó wà NÍNÚ àápù náà (kì í ṣe èyí tí ẹ rí lórí Facebook tàbí tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp), kí ẹ béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: "Kí ni ìdí rẹ̀, ta ló sì pàṣẹ rẹ̀?"

Èkíní, ìdánimọ̀. NIN tàbí BVN kò sí lórí àkáǹtì, tàbí orúkọ kò bára mu. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹta ọdún 2024 ni CBN, báǹkì àpapọ̀ Nàìjíríà, ti ní kí wọ́n ti àkáǹtì tí kò bá ní wọn. Èyí ló rọrùn jù. Bí "Adébọ̀wálé" bá wà lórí NIN, tí "Debowale" sì wà lórí BVN, ẹ lọ tún ọ̀kan ṣe. Ti BVN, báǹkì yín ni. Ti NIN, NIMC, àjọ tó ń fúnni ní NIN, ni. Ẹni tó bá yí orúkọ padà lẹ́yìn ìgbéyàwó lè nílò ìwé ìbúra láti kóòtù.

Ìkejì, owó yín ju ìpele (tier) yín lọ, ìyẹn ipò tí ìwé ìdánimọ̀ tí ẹ ti fún wọn gbé àkáǹtì yín sí. Àkáǹtì ìpele 1 kò gbọ́dọ̀ ní ju ₦300,000 lọ nínú, ìpele 2 kò gbọ́dọ̀ ju ₦500,000. Ẹni tó ń ta aṣọ tí ogójì ènìyàn ń sanwó fún lọ́jọ́ mẹ́ta, lójú ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ owó, kò yàtọ̀ sí ẹni tó ń gba owó jìbìtì. Ẹ̀rọ náà ò mọ Ojúde Ọba. Ẹ̀yin lẹ máa ṣàlàyé rẹ̀.

Ìkẹta, ẹnì kan fi ẹjọ́ yín sùn. Owó tí wọ́n jí lọ́dọ̀ ẹlòmíràn ti gba àkáǹtì yín kọjá, ẹ mọ̀ tàbí ẹ ò mọ̀. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwa oní-POS, ó sì máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ta owó crypto fún ẹni tí wọn ò rí rí; nínú oṣù Karùn-ún 2024, àwọn ilé-iṣẹ́ ìsanwó kan ti kìlọ̀ pé àwọn á ti àkáǹtì tí àwọn bá bá nídìí rẹ̀. Ẹ béèrè iye tí wọ́n ń jà lé lórí. Bó bá jẹ́ ₦30,000, ẹ ní kí wọ́n mú ₦30,000 dání, kí wọ́n dá ìyókù sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í béèrè èyí, gbogbo owó wọn a sì wà níbẹ̀ nítorí díẹ̀.

Ìkẹrin, àṣẹ ìjọba. Bí wọ́n bá dárúkọ EFCC, ọlọ́pàá tàbí kóòtù, ẹ gba nọ́ńbà àṣẹ náà àti orúkọ kóòtù tó fún wọn. Abala 34 òfin EFCC ti ọdún 2004 ní ilé ẹjọ́ ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ gba àṣẹ kí wọ́n tó ti àkáǹtì ènìyàn. Ibí yìí, ẹ dúró kíkà, ẹ wá lọ́yà. Lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ kò lè ṣí ohun tí kóòtù tì.

Ẹ ṣọ́ra gidigidi níbí: bí ẹnì kan bá pè yín pé òun fi owó ránṣẹ́ sí yín lásìṣe, kí ẹ jọ̀ọ́ kí ẹ dá a padà láti inú àkáǹtì mìíràn, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kó lọ bá báǹkì rẹ̀. Ẹ ó dá a padà tán, báǹkì á tún yọ ọ́ lára yín lẹ́ẹ̀kejì.

Àyẹ̀wò: ẹ lè fi gbólóhùn kan sọ ìdí tí wọ́n fi tì í. Bí ẹ kò bá lè sọ ọ́, ẹ tún pè. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó dá yín lóhùn àti aago tí ẹ pè sínú ìwé kékeré yẹn.

3. Ẹ KỌ LẸ́TÀ KAN ṢOṢO

Lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀sùn mọ́kànlá á di nọ́ńbà mọ́kànlá lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ mọ́kànlá, kò sì sí èyí tó mọ̀ nípa èkejì. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ímeèlì ẹ̀ka ẹ̀sùn wọn, tó wà nínú àápù tàbí lórí ojú-ewé wọn. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá ń dí yín lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ kọ ọ́ ní Yorùbá kí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ lè pé, kí ọmọ ilé tú u lẹ́yìn náà. Bí a ṣe kọ ti ẹ̀gbọ́n mi nìyí:

"Orúkọ mi ni …. Nọ́ńbà àkáǹtì mi ni …, nọ́ńbà fóònù tí mo fi ṣí i ni …. Ní ọjọ́ … ni ẹ tì í. Òṣìṣẹ́ yín tí mo bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní owó tó wọlé pọ̀ ju bó ti yẹ lọ. Aṣọ ni mò ń tà. ₦408,500 nínú owó náà jẹ́ àsansílẹ̀ aṣọ ẹgbẹ́ láti ọwọ́ ènìyàn 43, ₦9,500 ẹnì kọ̀ọ̀kan. ₦3,500 ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Orúkọ àwọn tó san án wà nínú ìwé tí mo so mọ́ èyí. N kò bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ ṣí àkáǹtì náà. Ohun tí mò ń béèrè ni pé kí ẹ fi ₦412,000 ránṣẹ́ sí àkáǹtì mi ní báǹkì …, nọ́ńbà …, tí BVN mi kan náà wà lórí rẹ̀. Bí ẹ óò bá mú apá kan dání, ẹ kọ iye rẹ̀, ìdí rẹ̀ àti ẹni tó pàṣẹ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi."

(Ti àwọn méjì tó sanwó lẹ́yìn ìtìpa, ₦19,000 lápapọ̀, ilé-iṣẹ́ dá a padà fún wọn tààrà lẹ́yìn tí àwọn fúnra wọn kọ̀wé sí báǹkì wọn, ìdí nìyẹn tí a ò fi kà á mọ́ ọn.)

Ẹ wò ó: kò sí ìbínú níbẹ̀, kò sí "ọmọ mi ń ṣàìsàn", kò sí ìhalẹ̀. Iye owó, ọjọ́, orúkọ. Ẹni tó máa kà á ní ẹ̀sùn púpọ̀ níwájú, èyí tó bá lè parí kíá ló máa kọ́kọ́ mú.

Ẹ̀rí ibi tí owó ti wá ló nira jù. Ẹ̀gbọ́n mi kò ní rísíìtì kankan. Ohun tó gbà á là ni ìwé àkọsílẹ̀ akápò ẹgbẹ́: ìwé àwọn ọmọ iléèwé, èpo ọ̀pẹ ti kán sí igun rẹ̀ kan, orúkọ kọ̀ọ̀kan ní bíírò aláwọ̀ búlúù pẹ̀lú iye tó san àti ọjọ́ tó san án. A ya ojú-ewé méjèèjì. A gbé orúkọ ibẹ̀ àti orúkọ tó wà lórí álátì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọ́n bára mu. Ìwé yẹn dára ju rísíìtì tẹ́ ẹ lọ tẹ̀ ní báyìí lọ, nítorí pé ó ti wà kí ìjà tó dé. Ẹni tó ń ta gàrí lè lo ìwé ẹni tó ń kó gàrí fún un. Akẹ́kọ̀ọ́ lè lo ọ̀rọ̀ tí òun àti ẹni tó gbé iṣẹ́ fún un jọ sọ.

Ẹ ṣọ́ra: ẹ má ṣe ìwé kan tí kò sí tẹ́lẹ̀. Ẹ má yí ọjọ́ padà lórí sítétímẹ́ǹtì. Bí wọ́n bá rí ayédèrú kan ṣoṣo, òótọ́ yòókù ti di irọ́, ọ̀rọ̀ tí ì bá parí láàárín ẹ̀yin àti wọn sì lè di ti ọlọ́pàá. Ẹnikẹ́ni tó bá sì béèrè PIN tàbí OTP yín "kó lè bá yín yanjú ẹ̀", olè ni, ì báà wọ aṣọ ilé-iṣẹ́ náà.

Àyẹ̀wò: wọ́n gbọ́dọ̀ fèsì pé lẹ́tà yín ti dé, kí wọ́n sì fún yín ní nọ́ńbà ẹ̀sùn. Ọjọ́ tí nọ́ńbà yẹn dé ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Bí kò bá dé lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ẹ pè kí ẹ gbà á lẹ́nu wọn.

4. BÍ ỌJỌ́ 14 BÁ KỌJÁ, Ẹ LỌ BÁ CBN

Ọ̀sẹ̀ méjì ni CBN fún ilé-iṣẹ́ láti yanjú ẹ̀sùn. Kó tó pé, ẹ má lọ. Wọ́n á dá yín padà. Bí ilé-iṣẹ́ bá béèrè nǹkan láàárín àsìkò yẹn, ẹ fún wọn lọ́jọ́ náà gan-an, lábẹ́ ímeèlì kan náà, pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀sùn kan náà.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ẹ kọ̀wé sí cpd@cbn.gov.ng, ẹ̀ka tó ń dáàbò bo oníbàárà. Orúkọ yín, àdírẹ́sì, fóònù, orúkọ ilé-iṣẹ́, nọ́ńbà àkáǹtì, nọ́ńbà ẹ̀sùn, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ṣókí, ohun tí ẹ fẹ́. Ẹ so lẹ́tà àkọ́kọ́ àti gbogbo èsì wọn mọ́ ọn. Ẹni tí ímeèlì bá ń ṣe ségesège lè tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, kó gbé e lọ sí ẹ̀ka CBN ní Abẹ́òkúta. Kó mú ẹ̀dà kejì dání kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i. Ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ náà pẹ̀lú. Mo gbà gbọ́ pé ẹ̀dà yẹn gan-an ló ṣiṣẹ́ fún ẹ̀gbọ́n mi, nítorí pé ọjọ́ kẹta tí wọ́n rí i ni wọ́n pè é, tí wọ́n ní kó yàwòrán ara rẹ̀ pẹ̀lú káàdì ìdánimọ̀ lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kò kan àkáǹtì tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kò gba ìwé àṣẹ CBN. Kí ẹ tó kọ̀wé, ẹ wò ó lórí ojú-ewé CBN bóyá orúkọ ilé-iṣẹ́ náà wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbèjà oníbàárà, ni kí ẹ kọ̀wé sí.

5. TÓ BÁ JẸ́ PAYPAL

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́-Ìwòyè àti Ìlíṣàn, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Nígbà tí PayPal, ilé-iṣẹ́ òkèèrè tí wọ́n fi ń sanwó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣílẹ̀kùn fún Nàìjíríà ní 2014, sísan owó ni wọ́n fún wa láyè, kì í ṣe gbígbà. Nítorí ẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ lo àdírẹ́sì orílẹ̀-èdè mìíràn láti ṣí i. Bí PayPal bá tì í pátápátá, CBN kò lè ṣe nǹkan sí i.

Ọjọ́ 180 ni wọ́n lè fi mú owó dání. Ẹ kà á dáadáa: àkáǹtì tí wọ́n tì ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, ọjọ́ 30 oṣù Kẹjọ ni yóò pé. Ẹ kọ ọjọ́ náà sára ògiri. Láàárín ìgbà yẹn, ẹ máa wọlé lẹ́ẹ̀kan lóṣù kí ẹ wo Resolution Centre, torí wọ́n lè béèrè ìwé, kí àsìkò sì kọjá. Ẹ má pààrọ̀ ímeèlì tàbí nọ́ńbà tó wà lórí rẹ̀. Ẹ gba àkọsílẹ̀ gbogbo owó sórí fóònù. Ẹni tó fi orúkọ tàbí orílẹ̀-èdè tí kì í ṣe tirẹ̀ ṣí i yóò rí ìṣòro nígbà tó bá fẹ́ gba owó náà sí báǹkì, mi ò sì mọ ọ̀nà ẹ̀bùrú kankan tí mo lè fi tọ́ ọ. Kó bá wọn sọ òótọ́, kó fi ìwé gidi hàn.

Àyẹ̀wò: lọ́jọ́ tó bá pé, ímeèlì á wọlé, ibi gbígba owó jáde á sì ṣí. Bí kò bá ṣí, ẹ kọ̀wé lọ́jọ́ náà.

6. LẸ́YÌN TÍ OWÓ BÁ DÉ

Ọjọ́ kẹtàlélógún ni álátì wọlé fún ẹ̀gbọ́n mi, ₦412,000 pé. Ojúde Ọba ti kọjá. Owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ (cooperative) ló yá tó fi kó aṣọ náà, a sì rí gbogbo ẹgbẹ́ lórí pápá pẹ̀lú aṣọ wọn. Èlé yẹn ló jẹ èrè rẹ̀ tán. Ó dùn mí títí di òní.

Ẹ gba lẹ́tà pé àkáǹtì ti di pípadé, kò sí ohun tó kù láàárín yín. Bí ẹ bá yá owó nínú àápù náà, ẹ san án. Láti 2020 ni CBN ti gbà kí báǹkì tó yáni lówó yọ ọ́ láti inú àkáǹtì yòówù tó wà lórí BVN ẹni. Ẹ ya owó òwò sọ́tọ̀ kúrò nínú owó ara yín, ẹ gbé ìdánimọ̀ lọ sí ìpele 3. Bí owó ńlá bá ń bọ̀ nítorí ọdún tàbí ìnáwó, ẹ sọ fún báǹkì ṣáájú.

Kí ẹ sì pa nọ́ńbà àtijọ́ rẹ́ níbi gbogbo tó wà. Ẹ̀gbọ́n mi yọ ọ́ kúrò lórí WhatsApp lọ́jọ́ kan náà, ó gbàgbé pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù. Oṣù kejì, kọ́sítọ́mà kan dúró níbẹ̀, ó ń tẹ nọ́ńbà náà sórí fóònù rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi sáré jáde dá a dúró, ó sì ní kí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ mú ọ̀dà dúdú wá.